Kọ́ọ̀sì Tí Wọn Kò Lè Yọ Lójú Bàbá

Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì iṣẹ́-ẹ̀rọ kan ní Ìgbó-Elérin, ìgbìmọ̀ kan fi kọ́ọ̀sì tuntun kún iṣẹ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ láì yọ ti àtijọ́ kúrò, nítorí pé ẹni tó ń kọ́ ti àtijọ́ jókòó sáàárín wọn.

Àwọn tó wà níbẹ̀ ní orúkọ mìíràn tí wọ́n ń pe ìpinnu yìí, orúkọ tó gùn tó sì ń dán. Bí a bá bọ́ aṣọ lára rẹ̀, ohun tó kù nìyẹn.

Àtúnṣe Tẹlifíṣọ̀n àti Rédíò ni kọ́ọ̀sì àtijọ́ náà ń jẹ́. Bàbá Akínwùmí ló ń kọ́ ọ láti ìgbà tí wọ́n ti dá kọ́lẹ́ẹ̀jì sílẹ̀. Tẹlifíṣọ̀n àtijọ́ ló kún yàrá iṣẹ́ rẹ̀, èyí tó lẹ́yìn ńlá, tí ọkùnrin méjì máa ń pawọ́ pọ̀ gbé. Ní Ọjà Àlàbá, tí kò jìnnà síbẹ̀, kò sí ẹni tó ń tà á mọ́. Àwọn tó ń ra irin àlòkù ló ń kó o lọ. Bàbá mọ iṣẹ́ rẹ̀, kò sí ẹni tó jiyàn ìyẹn. Iṣẹ́ náà ló ti kúrò nílùú.

Fọlákẹ́, olùkọ́ kan ní ẹ̀ka kan náà, ló kọ̀wé pé kí wọ́n yí i padà. Iṣẹ́ iná ló ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Láti Ìyànà Ìbà títí dé Okokomaiko ló ti ń rí páńẹ̀lì sólà lórí òrùlé ṣọ́ọ̀bù, ó sì mọ̀ pé púpọ̀ nínú àwọn tó ń dè é síbẹ̀ ló kọ́ ọ lórí fóònù. Ilé ti jó ní àdúgbò rẹ̀ nítorí wáyà tí wọn kò so dáadáa. Ó fẹ́ kí kọ́ọ̀sì tuntun kan, Sólà àti Ínfátà, gba ipò ti bàbá.

Ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn jù kò sí nínú ìgbìmọ̀ kankan. Dámilárá lorúkọ rẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ tó wà ní ọdún tó gbẹ̀yìn. Nígbà tí wọ́n rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ kọ́ṣẹ́ níta, ilé-iṣẹ́ kan ní Agbára tó ń to ínfátà, ẹ̀rọ tó ń sọ iná bátìrì di iná ilé, ló lọ. Ọ̀gá ibẹ̀ wo iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ó sì sọ fún un pé ààyè rẹ̀ wà nílẹ̀, bí ó bá ti lè gba ìwé-ẹ̀rí kí oṣù kẹsàn-án tó wọlé. Inú oṣù keje ló yẹ kó parí. Ìyá rẹ̀ ti sọ fún gbogbo ilé tí wọ́n ń gbé pé ọmọ òun máa ṣiṣẹ́ ní Agbára. Dámilárá ní kó má sọ ọ́ mọ́, ìyá náà kò dákẹ́.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń yí kọ́ọ̀sì padà níbẹ̀. Ẹ̀ka kọ́kọ́ máa jókòó lé e. Bí ẹ̀ka bá gbà, ó di ọwọ́ ìgbìmọ̀ kọ́ọ̀sì. Ìgbìmọ̀ máa béèrè ohun mẹ́ta: ta ni yóò kọ́ ọ, irinṣẹ́ wo ni wọn yóò fi kọ́ ọ, kí ni ó sì ń rọ́pò. Bí ìgbìmọ̀ bá gbà, ó lọ sí àpérò àgbà, níbi tí gbogbo àwọn olórí ẹ̀ka ti máa ń pàdé, ẹ̀ẹ̀kan péré ní sáà kan. Ohun tí àpérò àgbà bá fọwọ́ sí ló ti di òfin. Ètò náà kò burú. Ènìyàn ló wà nínú rẹ̀.

Dókítà Wàsíù ni alága ìgbìmọ̀ kọ́ọ̀sì. Kí ìpàdé tó dé, ó ránṣẹ́ pe Fọlákẹ́ sí ọ́fíìsì.

"Ìwé rẹ dára," ló wí. "Ṣùgbọ́n wo ìlà yìí. 'Kí a yọ Àtúnṣe Tẹlifíṣọ̀n àti Rédíò kúrò.' Ṣé ẹnu mi lo fẹ́ kí n fi ka èyí sí bàbá létí?"

"Mi ò dárúkọ bàbá, sà. Orúkọ kọ́ọ̀sì ni mo kọ."

"Ta ló ń kọ́ ọ? Iwin?"

Fọlákẹ́ tún ìlà náà kà.

"Bàbá ló kọ́ mi bí a ṣe ń jó lẹ́ẹ̀dì mọ́ wáyà," Wàsíù wí. "Ọjọ́ tí mo jó ìka ara mi, àwọn ló ki ọwọ́ mi bọ omi. Mi ò lè jókòó sórí àga alága kí n ní kí bàbá dìde. Ọdún tó ń bọ̀ ni wọn yóò fẹ̀yìntì. Kọ ọ́ pé àfikún ni kọ́ọ̀sì tìrẹ. Bí bàbá bá ti lọ, a ó yọ tiwọn wọ́ọ́rọ́wọ́, kò sí ẹni tó máa gbọ́."

"Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ á wá máa ṣe méjèèjì?"

"Ìmọ̀ kì í pọ̀ jù, Fọlákẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dùn. Àwọn ọ̀rọ̀ tó bá dùn báyìí, kò sí ohun tí wọ́n ń gbé. Fọlákẹ́ mọ̀ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ tó ti ń gbé ìwé náà kiri, ó sì fẹ́ kó wọlé. Ó pa ìlà náà rẹ́, ó kọ àfikún.

Oṣù kẹwàá ni ìgbìmọ̀ jókòó. Wọ́n gbàdúrà ní ọ̀nà méjèèjì, ti mùsùlùmí àti ti onígbàgbọ́, wọ́n pín míìtì páì. Bàbá Akínwùmí ti dé kí ẹnikẹ́ni tó dé. Ó jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé ló máa ń jókòó sí nítorí ooru. Nígbà tó kan ìwé Fọlákẹ́, alága béèrè ìbéèrè kìíní, wọ́n dáhùn. Ó béèrè ìkejì, wọ́n dáhùn. Ìkẹta, ó kà á kọjá.

Múyìwá, tó ń kọ́ ìṣirò, ló gbé ọwọ́ sókè. Aláwàdà ni, ìdí nìyẹn tí wọn kì í fi ka ọ̀rọ̀ rẹ̀ sí.

"Alága, mo kàn fẹ́ béèrè. Kọ́ọ̀sì yìí kò rọ́pò kankan?"

"Àfikún ni," Wàsíù wí. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ ká rántí ibi tí a ti ń bọ̀. Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà."

"Òtítọ́ ni, sà. Ṣùgbọ́n àkísà náà wúwo. Ṣé àwọn ọmọ yìí lè wọ̀ ọ́ lé aṣọ tuntun nínú ooru Ìgbó-Elérin yìí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Bàbá náà rẹ́rìn-ín.

"Iye yúnìtì tí akẹ́kọ̀ọ́ lè gbà ní sáà kan ni Múyìwá ń sọ," ẹnì kan wí láti ẹ̀yìn.

"Àpérò àgbà máa wo ti yúnìtì," Wàsíù wí. "Iṣẹ́ tiwọn nìyẹn." Ó yíjú sí ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. "Bàbá, ẹ ní ohun kan láti sọ?"

Bàbá Akínwùmí bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí ni mo tún fẹ́ sọ? Ẹ̀yin lẹ ni kọ́lẹ́ẹ̀jì. Bí ẹ bá ṣì ń fẹ́ kọ́ọ̀sì mi, mo wà níbí."

Ibẹ̀ ló yẹ kí ẹnì kan ti sọ̀rọ̀. Bàbá fúnra rẹ̀ ló ṣí ilẹ̀kùn náà. Gbogbo wọn wo tábìlì. Lẹ́yìn náà Wàsíù ní, "Ẹ ṣé, bàbá. Ẹ̀mí yín á gùn," gbogbo wọn sì ṣe àmín, wọ́n bọ́ sí orí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Ní àpérò àgbà, wọ́n béèrè bóyá ìgbìmọ̀ ti yẹ ọ̀rọ̀ náà wò dáadáa. Wàsíù ní wọ́n ti yẹ̀ ẹ́ wò. Kò parọ́. Wọ́n yẹ gbogbo rẹ̀ wò àfi èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ fún àpérò àgbà. Ọ̀rọ̀ pọ̀ nílẹ̀ lọ́jọ́ náà, òjò sì ti ṣú. Wọ́n nawọ́ sókè, ó wọlé. Kọ́ọ̀sì méjèèjì di dandan fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gba ìwé-ẹ̀rí.

Oṣù kejì ọdún tó tẹ̀lé e ni Dámilárá lọ forúkọ sílẹ̀ fún sáà tó gbẹ̀yìn. Ìyá Àdùkẹ́ ló jókòó sídìí kọ̀ǹpútà ní ọ́fíìsì ìforúkọsílẹ̀. Ó tẹ orúkọ àwọn kọ́ọ̀sì náà sílẹ̀, ó wo ojú ẹ̀rọ, ó mi orí.

"Ó ní rárá."

"Ta ni, mà?"

"Kọ̀ǹpútà. Yúnìtì rẹ ti ju mẹ́rìnlélógún lọ. Kò ní gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ ní sáà kan."

"Ẹ bá mi tún un tẹ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ti tún un tẹ̀. Tó bá jẹ́ ènìyàn ni, ì bá ti bú mi." Ó yí àga rẹ̀. "Gbogbo ẹ̀yin ọdún tó gbẹ̀yìn ní ẹ̀ka yín ló ń rí bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀. Yọ ọ̀kan, kó o ṣe é ní sáà tó ń bọ̀."

"Sáà tó ń bọ̀ kò sí fún mi, mà. Oṣù keje ni mo ń parí."

"Ọmọ mi, èmi kọ́ ni mo ṣòfin. Ìwọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀, súnmọ́ ibí."

Dámilárá lọ bá Fọlákẹ́ ní yàrá iṣẹ́. Ó sọ ti kọ̀ǹpútà, ó sì tún sọ ti Agbára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Fọlákẹ́ ti mọ̀. Fọlákẹ́ ló kọ lẹ́tà tó fi dé ibẹ̀. Olùkọ́ náà ṣírò yúnìtì náà sórí bébà. Kò pẹ́ kó tó rí i. Ohun tí ọmọ ilé-ìwé aláàkọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣírò ni, kò sì sí ẹni tó ṣírò rẹ̀ nínú gbogbo ìpàdé wọ̀nyẹn.

"Lọ sílé," ó wí. "Wàá gbọ́ látọ̀dọ̀ mi."

Òfin kọ́lẹ́ẹ̀jì gbà fún alága ìgbìmọ̀ láti dá fọwọ́ sí ohun kánjúkánjú, kó tó wá sọ ọ́ fún àpérò àgbà lẹ́yìn náà, bí ìforúkọsílẹ̀ kò bá tíì parí. Ó ku ọ̀sẹ̀ kan àti díẹ̀ kó parí. Gbogbo ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni ìlà kan péré pé kọ́ọ̀sì bàbá kì í ṣe dandan mọ́, kí Wàsíù sì fọwọ́ sí i.

"Mo gbọ́," Wàsíù wí nígbà tí Fọlákẹ́ dé ọ́fíìsì rẹ̀. "Ó yẹ ká ṣe nǹkan sí i. Ṣùgbọ́n mi ò lè fọwọ́ ara mi yọ bàbá láì sọ fún bàbá. Kí bàbá wá máa gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ọmọ? Má ṣe ìyọnu. Màá lọ kí wọn nílé ní Sátidé."

Ó lọ lóòótọ́. Ó ra ọsàn àti bàrà ní Ìyànà Ìbà, ó wakọ̀ lọ sí Okokomaiko, ó dọ̀bálẹ̀ fún bàbá. Wọ́n sọ̀rọ̀ orúnkún bàbá, wọ́n sọ̀rọ̀ ọ̀nà Badagry, wọ́n dárúkọ àwọn tó ti kú. Bàbá gbàdúrà fún un, ó sìn ín dé ìdí mọ́tò.

Ní ọjọ́ Ajé, Fọlákẹ́ dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ bá bàbá sọ ọ́, sà?"

"Mo débẹ̀."

"Mo mọ̀ pé ẹ débẹ̀. Ṣé ẹ sọ ọ́?"

"Inú bàbá dùn láti rí mi. Orúnkún sì ń dùn wọ́n. Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Láti orí kọ́ọ̀sì, sà."

"Ọ̀rọ̀ àgbà kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Jẹ́ kí n tún padà lọ."

Kò padà lọ. Fọlákẹ́ náà lè lọ. Ilé bàbá kò pamọ́. Ó rò pé bí alága kò bá lè sọ ọ́, òun tó kéré sí alága kò lẹ́nu ẹ̀. Bó ṣe rò ó nìyẹn, ọjọ́ sì ń lọ. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìforúkọsílẹ̀ parí. Dámilárá ti dúró títí di ọ̀sán ọjọ́ náà, ó ń wo fóònù. Nígbà tí kò gbọ́ nǹkan kan, ó mú Sólà àti Ínfátà nítorí ohun tí Agbára ń fẹ́ nìyẹn, ó fi ti bàbá sílẹ̀. Gbogbo àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìkẹ́kọ̀ọ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bàbá Akínwùmí ṣí yàrá iṣẹ́ rẹ̀, ó nu tábìlì, ó jókòó. Kò sí ẹni tó wọlé. Dámilárá ń kọjá lọ, ó kúnlẹ̀ kí i láti ẹnu ọ̀nà.

"Dámilárá, wọlé. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ dà?"

"Wọ́n wà ní kíláàsì, sà."

"Kíláàsì tèmi nìyí. Ṣé mo ṣẹ̀ yín ni?"

"Rárá, sà."

"Tàbí ẹ rò pé mo ti kú? Ẹ̀ bá ti wá jẹ ìrẹsì ìsìnkú mi."

Dámilárá kò rẹ́rìn-ín. Ó dúró ti tẹlifíṣọ̀n kan, ó sì sọ gbogbo rẹ̀ fún bàbá: yúnìtì, kọ̀ǹpútà, Agbára, oṣù kẹsàn-án. Ohùn rẹ̀ kò yí padà. Ó ti sọ ọ́ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn.

"Ta ló ní kí wọ́n fi kọ́ọ̀sì mi sílẹ̀ níbẹ̀?"

"Wọ́n ní nítorí yín ni, sà."

"Nítorí mi." Bàbá wo yàrá náà. "Oṣù kejìlá tó kọjá ni mo fẹ́ lọ. Ọmọ mi obìnrin ní Ìlaròó ti tún yàrá kan kùn dè mí. Nígbà tí mo gbọ́ nípàdé pé kọ́ọ̀sì mi ṣì wà, mo pè é, mo ní kó má tíì retí mi, wọ́n ṣì ń fẹ́ mi níṣẹ́. Orúnkún yìí ni mo fi ń gun àtẹ̀gùn wá síbí láràárọ̀."

Dámilárá tún kúnlẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà."

Bàbá ti ilẹ̀kùn yàrá náà, ó lọ sí ọ́fíìsì Wàsíù. Wàsíù dìde kó tó wọlé tán.

"Bàbá, ẹ jókòó."

"Mi ò jókòó. Wàsíù, ìwọ lo wá sílé mi ní Sátidé ọjọ́ sí."

"Èmi ni, sà."

"Kí lo wá sọ?"

Wàsíù tún fa àga sún mọ́ bàbá.

"Ọsàn tó o gbé wá dùn," bàbá wí. "Kọ́ọ̀sì ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, bàbá. A ò fẹ́ kí ojú tì yín."

"Mo jókòó sí kíláàsì láàárọ̀ yìí, ẹyọ akẹ́kọ̀ọ́ kan kò yọjú. Ojú wo ló kù tí kò tì? Yọ ọ́. Yọ ọ́ lónìí, kí ọmọ yẹn lè ríbi lọ."

Wàsíù kọ ọ́ lọ́jọ́ náà, ó fọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ sì yá. Ìwé náà padà wá láti òkè kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí. Ìforúkọsílẹ̀ ti kọjá, ọwọ́ alága nìkan kò tó mọ́. Ìyọkúrò kọ́ọ̀sì jẹ́ ìyípadà bíi ti tẹ́lẹ̀. Kó gba ẹ̀ka, kó gba ìgbìmọ̀, kó dé àpérò àgbà.

Ẹ̀ka gbà á. Ìgbìmọ̀ gbà á, lójú bàbá, bàbá fúnra rẹ̀ ló sì kọ́kọ́ nawọ́. Àpérò àgbà jókòó ní oṣù kẹfà. Wọ́n fọwọ́ sí i pé kí Àtúnṣe Tẹlifíṣọ̀n àti Rédíò kásẹ̀ nílẹ̀ fún àwọn tó ń bọ̀. Ní ti àwọn tó ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, wọ́n ní kí wọ́n parí bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú kọ́ọ̀sì méjèèjì, kí a lè dáàbò bo ìwé-ẹ̀rí wọn. Fọlákẹ́, tí wọ́n pè wá ṣàlàyé, bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kó kan àwọn náà. Ẹnì kan ní bí a bá ṣe é fún àwọn yìí, àwọn tó ti jáde lọ́dún tó kọjá náà á wá béèrè tiwọn. Múyìwá kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe olórí ẹ̀ka. Wàsíù wà níbẹ̀. Ó sọ̀rọ̀ díẹ̀, wọ́n ní wọ́n ti gbọ́, ó jókòó.

Dámilárá wà lára àwọn tí wọ́n dáàbò bò.

Wọ́n tún lọ bẹ bàbá pé kó dúró títí di oṣù kejìlá, nítorí pé kò sí ẹlòmíràn tó lè kọ́ kọ́ọ̀sì tí wọ́n ti yọ. Ó dúró. Kò bínú sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́, ó sì kọ́ wọn dáadáa.

Ní òpin oṣù kẹjọ, ọ̀gá Agbára pe Dámilárá lórí fóònù.

"Ṣé ìwé-ẹ̀rí ti jáde?"

"Ó ku kọ́ọ̀sì kan, sà."

"Èwo?"

"Àtúnṣe Tẹlifíṣọ̀n àti Rédíò."

"Tẹlifíṣọ̀n wo?"

"Ti àtijọ́, sà. Èyí tó lẹ́yìn ńlá."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. "Ibo ni wọ́n ti rí i?"

"Ó wà ní yàrá iṣẹ́ wa, sà."

"Ó dáa. Ìgbà wo lẹ máa ṣe tán?"

"Oṣù kejìlá, sà."

Ó ní òun gbọ́. Ní oṣù kẹsàn-án, ó gba ọmọkùnrin kan láti ilé-ìwé mìíràn. Dámilárá yege nínú kọ́ọ̀sì bàbá, ìwé-ẹ̀rí rẹ̀ jáde, ó sì pe Agbára ní oṣù kìíní. Ẹlòmíràn ló gbé fóònù. Ó ní ààyè kò sí.

Ṣọ́ọ̀bù kan ní Àlàbá ni Dámilárá wà báyìí. Ó ń tan tẹlifíṣọ̀n tuntun fún àwọn oníbàárà, kí wọ́n lè rí i pé ó ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó gbé e lọ. Wọn kò béèrè ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́ rẹ̀.